Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Bí Àwọn Oníṣòwò Amẹ́ríkà Ṣe Fi Kún Ọjọ́ Orí Ẹni Tó Lè Ra Ìbọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ó ti rí nínú ọ̀rọ̀ sísọ náà ni ó rí nínú ọjà títà. Ẹni tó ń ta ata kò ní í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹni tó wá rà á. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń tà á kò bá wo ojú ẹni tó ń rà á dáadáa, ẹkún lè sọ nínú ilé onílé. Ọjà náà ni ìbọn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2018, méjì nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìtajà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 kò ní í rí ìbọn rà mọ́ nínú ilé ìtajà wọn. Dick's Sporting Goods ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́ kejì, Walmart ti tẹ̀ lé e. Òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí ọmọ ọdún 18 ra ìbọn gígùn lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ. Kò sí aṣòfin tó pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, kò sì sí adájọ́ tó dá wọn lẹ́bi. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sún ààlà síwájú.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ kí a yẹ ìtàn náà wò láti ìpìlẹ̀: ibi tí ọdún 18 àti ọdún 21 ti wá, ohun tó mú kí oníṣòwò lọ ṣáájú òfin, àti ibi tí agbára oníṣòwò dé. Èrò tèmi ni pé ìpinnu àwọn oníṣòwò yìí níyì, ó sì ṣe iṣẹ́ tí òfin kò tíì ṣe. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ni agbára rẹ̀ mọ. Oníṣòwò lè ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, gbogbo ìlú nìkan ni ó lè ti ẹnubodè ọjà.

Ibi tí ọdún 18 àti ọdún 21 ti wá

Kí ọdún 1968 tó dé, ènìyàn lè jókòó sínú yàrá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kí ó kọ lẹ́tà, kí ó fi owó sí i, kí ilé ìfìwéránṣẹ́ sì gbé ìbọn wá fún un bí ìgbà tí wọ́n gbé bàtà wá. Nínú oṣù Kẹta ọdún 1963, Lee Harvey Oswald fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ béèrè fún ìbọn gígùn kan lọ́wọ́ ilé ìtajà Klein's Sporting Goods ní ìlú Chicago. Iye owó ìbọn náà, pẹ̀lú awò tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán tí wọ́n so mọ́ ọn, jẹ́ dọ́là 19.95. Owó ìfiránṣẹ́ ló sọ ọ́ di dọ́là 21.45. Ìbọn yìí ni ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Àgbà Earl Warren ṣe alága fún sọ pé wọ́n fi pa Ààrẹ John F. Kennedy ní ìlú Dallas ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ẹni tó ta ìbọn kò fi ojú kan ẹni tó rà á rí.

Ọdún márùn-ún gbáko ni àwọn aṣòfin fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n pa Martin Luther King ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1968, tí wọ́n sì tún yìnbọn pa Robert Kennedy, àbúrò Ààrẹ tó ti kú, nínú oṣù Kẹfà, ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Gun Control Act. Òfin yìí fòpin sí fífi ìbọn ránṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ láti ṣòwò ìbọn. Ní èdè kan, òfin náà fa olùtajà àti olùrà jáde wá síwájú kántà kan náà, kí wọ́n lè rí ojú ara wọn.

Òfin yìí kan náà ló fi òdiwọ̀n ọjọ́ orí lélẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, kò sì gbọdọ̀ ta ìbọn gígùn fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kí ló dé tí òdiwọ̀n fi jẹ́ méjì? Ìbọn ìléwọ́ ṣe é fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, òun sì ni àwọn aṣòfin ìgbà náà rí gẹ́gẹ́ bí ohun èlò àwọn ọ̀daràn ìgboro. Ìbọn gígùn ní tirẹ̀ jẹ́ ìbọn ọdẹ àti ìbọn àgbẹ̀, èyí tí ọmọ máa ń gbé tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sínú igbó. Ní ti ọdún 21, òun náà ni ọjọ́ orí tí ènìyàn ń di àgbà lójú òfin nígbà náà, tó sì lè dìbò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀.

Ní ọdún 1971, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ náà ṣe, wọ́n sì dá ìbò padà sí ọdún 18, nítorí pé kò bójú mu kí wọ́n máa kó ọmọ ọdún 18 lọ sójú ogun Vietnam kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó dìbò. Síbẹ̀, ìbọn ìléwọ́ dúró sí ọdún 21. Ní ọdún 1984, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó ń dín owó títì kù fún ìpínlẹ̀ tó bá gba ẹni tí kò tó ọdún 21 láyè láti ra ọtí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2019, tábà náà di ti ọmọ ọdún 21. Ẹ ó rí i pé lójú òfin Amẹ́ríkà, díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ fi ń di àgbà: ìbò lọ́tọ̀, ọtí lọ́tọ̀, ìbọn kékeré lọ́tọ̀, ìbọn ńlá lọ́tọ̀.

Nígbà tí ìbọn gígùn yí padà

Òfin lè dúró sójú kan nígbà tí ohun tó ń ṣọ́ ti ń rìn lọ. Láti ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Colt ti ń ta ìbọn AR-15 fún ará ìlú. Ìbọn náà bá M16 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé lọ sí Vietnam tan, àfi pé ti ará ìlú kì í yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí a bá tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò fúnra rẹ̀ ki ọta mìíràn. Ní ọdún 1994, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ọ̀pọ̀ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà pé nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, àwọn aṣòfin kò sọ òfin náà dọ̀tun. Láti ìgbà náà ni irú ìbọn yìí ti gbilẹ̀ lórí àtẹ.

Nítorí pé ẹnu rẹ̀ gùn, ọ̀wọ́ ìbọn ọdẹ ni òfin ọdún 1968 kà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ọmọ ọdún 18 tí kò lè ra ìgò ọtí bíà kan, tí kò sì lè ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò, lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìtajà kí ó sì gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jáde lọ́nà tó bófin mu. Èyí ni àlàfo tí àwọn oníṣòwò wá dúró sí ní ọdún 2018.

Kì í ṣe ọdún 2018 ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1999, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ 12 àti olùkọ́ kan ní ilé-ìwé Columbine ní ìpínlẹ̀ Colorado. Mẹ́ta nínú àwọn ìbọn wọn jẹ́ ìbọn gígùn tí ọ̀rẹ́ wọn ọmọ ọdún 18 bá wọn rà níbi ìpàtẹ ìbọn, lọ́wọ́ àwọn olùtajà tí kò ní ìwé àṣẹ tí kò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2001, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọta ti bà lára bá aṣefíìmù Michael Moore lọ sí olú ilé-iṣẹ́ Kmart ní ìlú Troy ní ìpínlẹ̀ Michigan, nítorí pé ilé ìtajà Kmart ni wọ́n ti ra àwọn ọta náà. Kò pẹ́ tí Kmart fi kéde pé òun kò ní í ta ọta ìbọn ìléwọ́ mọ́. Níbẹ̀ ni ọ̀nà kan ti là: bí ilé aṣòfin kò bá dáhùn, a ó lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń tajà.

Ọmọ Dick àti ìbọn tó wà lórí àtẹ rẹ̀

Ní ọdún 1948, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dick Stack ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní ìlú Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York. Ìyá rẹ̀ àgbà ló fún un ní dọ́là 300 tó ti fi pamọ́ sínú ìkòkò bisikíìtì. Ohun èlò ìpẹja ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Edward Stack, gba àkóso ní ọdún 1984, ó sì sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ilé ìtajà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀. Edward Stack kì í ṣe ọ̀tá ìbọn. Òun fúnra rẹ̀ ní ìbọn, àwọn ọdẹ sì wà lára àwọn oníbàárà tó gbé ilé-iṣẹ́ náà ró.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2012, wọ́n yìnbọn pa ọmọ kékeré 20 àti àgbàlagbà 6 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Sandy Hook ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Dick's kó àwọn ìbọn tó jọ ti ológun kúrò lórí àtẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣí àwọn ìsọ̀ mìíràn tí orúkọ wọn ń jẹ́ Field & Stream ní ọdún 2013, irú ìbọn náà tún padà sórí àtẹ níbẹ̀. Ìbànújẹ́ tó bá oníṣòwò lójijì kì í pẹ́ kí èrè tó tún pè é padà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2018, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan padà sí ilé-ìwé tó ti kúrò, ìyẹn Marjory Stoneman Douglas ní ìlú Parkland ní ìpínlẹ̀ Florida, ó sì fi ìbọn irú AR-15 pa ènìyàn 17. Ó ti ra ìbọn náà lọ́nà tó bófin mu lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí kò tíì pé ọdún 19. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde, Dick's lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n rí i pé nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2017, wọ́n ti ta ìbọn gígùn kan fún ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kan náà. Kì í ṣe ìbọn yẹn ló fi pa àwọn ènìyàn, kì í sì í ṣe irú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo nìyí. Dick's kò rú òfin kankan. Wọ́n ti wo ìwé ìdánimọ̀, ẹni náà ti kọ fọ́ọ̀mù, ìjọba sì ti dáhùn pé ẹ tà á fún un. Ohun tí Stack sọ fún àwọn oníròyìn ni pé àwọn ti ṣe gbogbo ohun tí òfin sọ, síbẹ̀ ìbọn dé ọwọ́ ẹni tí kò yẹ kí ó dé, nítorí náà ètò náà kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, ó di dandan kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òfin nìkan tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yè ní Parkland náà kò dákẹ́. Wọ́n ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, Stack sì sọ pé ìgboyà wọn wọ òun lára.

Ìpinnu tó kéde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ní ẹ̀ka mẹ́ta pàtàkì: pé ìbọn tó jọ ti ológun parí ní gbogbo ìsọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, títí kan Field & Stream márùndínlógójì; pé àpò ọta tó ń gba ọta púpọ̀ parí; àti pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 kò ní í ra ìbọn kankan. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ àwọn aṣòfin pé kí àwọn náà sọ ọdún 21 di òfin. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: oníṣòwò fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò lè tó.

Walmart ní tirẹ̀ ti ń dín òwò ìbọn kù bọ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1993 ló ti kúrò nínú títa ìbọn ìléwọ́, àfi ní Alaska. Ní ọdún 2015 ló kúrò nínú títa irú AR-15. Ó tún ní ìlànà kan tó lọ ṣáájú òfin. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1998, ètò kan wà lábẹ́ FBI tí oníṣòwò fi ń béèrè bóyá ẹni tó wà níwájú òun lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbọn. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn kò bá dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, òfin gbà kí oníṣòwò tà á. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó pa ènìyàn 9 nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Charleston ní ọdún 2015 gbà rí ìbọn rà. Ìlànà Walmart ni pé bí ìdáhùn kò bá dé, ọjà kò gbọdọ̀ jáde. Ní ọdún 2018, wọ́n wá fi ọdún 21 kún un, fún ìbọn àti fún ọta. Ní ọjọ́ kejì, L.L.Bean àti Kroger, tó ni àwọn ilé ìtajà Fred Meyer, kéde ọdún 21 bákan náà.

Ohun tó ná wọn, àti ìbéèrè tó tọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé èyí rọrùn kò mọ bí òwò ṣe rí. Àwọn oníbàárà kan kẹ̀yìn sí Dick's, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Mossberg tó ń ṣe ìbọn sọ pé òun kò bá wọn ṣòwò mọ́. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò ìbọn, National Shooting Sports Foundation, yọ wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́. Stack sọ ní ọdún 2019 pé ọjà tí àwọn pàdánù tó mílíọ̀nù dọ́là 250. Ní ti àwọn ìbọn tó kù nílẹ̀, tí iye wọn tó mílíọ̀nù dọ́là 5, kàkà kí wọ́n dá wọn padà fún àwọn tó ṣe wọ́n, ńṣe ni wọ́n lọ̀ wọ́n di irin àlòkù.

Àwọn tó takò wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a gbọ́. Nínú oṣù Kẹta ọdún 2018, ọmọ ogún ọdún kan pe Dick's àti Walmart lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Oregon, níbi tí òfin kò ti gba ilé ìtajà láyè láti fi ọjọ́ orí ya ẹni tó ti pé ọdún 18 sọ́tọ̀. Ìbéèrè àwọn tó wà lẹ́yìn irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye: ẹni tó lè dìbò, tó lè fẹ́yàwó, tí ìjọba sì lè fi ìbọn lé lọ́wọ́ kí ó lọ jà fún ilẹ̀ rẹ̀, kí ló dé tí oníṣòwò yóò fi pè é ní ọmọdé? Kò tọ́ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ níyà.

Mo gbà pé ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ní ìdáhùn. Ọmọ ogun tó gbé ìbọn kò dá wà. Ọ̀gá rẹ̀ wà lórí rẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì mọ ibi tí ìbọn náà sùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá bákan náà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ a máa tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ wọ igbó títí kí a tó fi ìbọn lé e lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ìbí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń fún un ní ìbọn mọ̀ ọ́n: ó mọ inú rẹ̀, ó mọ ìbínú rẹ̀, ó mọ ilé bàbá rẹ̀. Oníṣòwò tó wà lẹ́yìn kántà kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Àlejò ni olùrà lójú rẹ̀. Ọjọ́ orí ni ohun díẹ̀ tí àlejò lè fi díwọ̀n àlejò. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún mẹ́ta tí a fi kún un kò sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀daràn, ó kàn ń fún àkísà láyè láti pọ̀ sí i ni.

Ibi tí agbára oníṣòwò mọ

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ wọn níyà. Ìlànà ilé ìtajà kan kì í de ilé ìtajà kejì. Lábẹ́ òfin àpapọ̀, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ìṣòwò, tó kàn fẹ́ ta ìbọn ara rẹ̀, lè ta ìbọn ìléwọ́ fún ọmọ ọdún 18, òfin náà kò sì dá ọjọ́ orí kankan fún ìbọn gígùn tó bá tà. Kódà Walmart sọ ní ọdún 2019 pé nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà ìbọn ilẹ̀ náà ni ó wà lọ́wọ́ òun. Bí oníṣòwò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ilẹ̀kùn mélòó ló ṣẹ́ kù?

Florida fi hàn wá bí ó ṣe ń rí nígbà tí òfin bá tẹ̀ lé oníṣòwò. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2018, Gómìnà Rick Scott fọwọ́ sí òfin tó fi orúkọ ilé-ìwé náà pè, tó sì sọ ọdún 21 di òdiwọ̀n fún gbogbo ìbọn ní ìpínlẹ̀ náà. Láti ọjọ́ ìpànìyàn títí di ọjọ́ òfin kò ju ọjọ́ 23 lọ. Ẹgbẹ́ National Rifle Association gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ kan náà. Nínú ọdún yẹn kan náà, Vermont ṣe òfin ọdún 21, ó sì yọ àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ ọdẹ sílẹ̀, èyí tó sún mọ́ ọgbọ́n àwọn ọdẹ wa. Àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Washington náà sì fi ìbò sọ ọdún 21 di ti ìbọn gígùn tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta.

Texas fi òdìkejì rẹ̀ hàn wá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Uvalde, ó pa ọmọdé 19 àti olùkọ́ 2. Kò pẹ́ tó pé ọmọ ọdún 18 tó fi ra ìbọn irú AR-15 méjì lọ́nà tó bófin mu. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ọmọ ọdún 18 mìíràn ti pa ènìyàn 10, tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ní ilé ìtajà oúnjẹ kan ní ìlú Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York. Ọdún mẹ́rin ti kọjá lẹ́yìn ìkéde Dick's àti Walmart. Ìkéde náà kò dé ibi tí àwọn méjèèjì ti ra ìbọn. Ìlú Houston, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti fi ilé ṣe, wà nínú ìpínlẹ̀ Texas yìí kan náà. Ọmọ tiwa náà ń lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀.

Kí a má tan ara wa jẹ: ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni oògùn. Ẹni tó pa ènìyàn 23 ní Walmart ìlú El Paso ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ti pé ọdún 21. Lẹ́yìn ìyẹn, Walmart fi títa ọta ìbọn ìléwọ́ sílẹ̀, ó sì kúrò nínú títa ìbọn ìléwọ́ ní Alaska pẹ̀lú. Ẹni tó ṣe ti Sandy Hook lo ìbọn tí ìyá rẹ̀ rà. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Síbẹ̀, pé ilẹ̀kùn kan kò lè dá gbogbo olè dúró kò túmọ̀ sí pé kí a ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

Lẹ́yìn Uvalde, Ààrẹ Joe Biden fọwọ́ sí òfin kan ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Òfin náà kò sọ ọjọ́ orí di 21, ṣùgbọ́n ó pa á láṣẹ pé kí ìwádìí nípa olùrà tí kò tíì pé ọdún 21 jinlẹ̀ sí i, kí wọ́n sì wo àkọsílẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ nínú ẹjọ́ Bruen pé òfin ìbọn gbọ́dọ̀ bá ìṣe àtijọ́ ilẹ̀ náà mu. Láti ìgbà náà ni ìjà ọjọ́ orí ti kó wọ ilé ẹjọ́. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Karùn-ún sọ pé òfin ọdún 1968 tó dí ọmọ ọdún 18 sí 20 lọ́wọ́ láti ra ìbọn ìléwọ́ lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Nínú oṣù Kẹta ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Kọkànlá fi òfin Florida múlẹ̀. Ìwé ìtàn kan náà ni àwọn adájọ́ ń kà, ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kò dọ́gba.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ṣì wà tí adájọ́ kò pa láṣẹ fún oníṣòwò: kò sí ilé ẹjọ́ tó sọ pé Edward Stack gbọ́dọ̀ padà sídìí ìbọn ológun. Ìyẹn ni iyì ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ìlànà ilé-iṣẹ́ kì í ṣe májẹ̀mú. Ọ̀gá mìíràn lè dé, owó lè dínkù, àtẹ sì lè tún kún bí ó ti tún kún lẹ́yìn Sandy Hook. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Òfin ọdún 1968 mú kí ẹni tó ń ta ìbọn rí ojú ẹni tó ń rà á. Ọdún 2018 fi hàn pé rírí ojú nìkan kò tó. Ẹni tó ń wò gbọ́dọ̀ lè sọ pé rárá. Oníṣòwò mélòó kan ti sọ ọ́ nínú ìsọ̀ tiwọn, ó sì ná wọn lówó. Iṣẹ́ tó kù, ti gbogbo ìlú ni. Nítorí ọjọ́ tí ọmọ bá kú, kò sí ẹni tí yóò béèrè ilé ìtajà tó kọ̀ láti ta ìbọn. Èyí tó tà á ni gbogbo ènìyàn yóò máa wá.